Ibo ni Ìbọn Ń Sùn Nílé Yín?

Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹgbẹ́ ọdẹ àti àwọn òbí. Mo kọ ọ́ síbí kí àwọn tí kò lè wá náà lè rí i kà.

Ògún yè! Mo júbà Olúọdẹ, mo kí ẹ̀yin bàbá wa ọdẹ tó jókòó káàkiri gbọ̀ngàn yìí. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ wà lẹ́yìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ níwájú. Ẹ̀yin lẹ máa ń wà nílé nígbà tí ọmọ bá gun àga láti lọ wo ohun tí wọ́n fi kọ́ ògiri, torí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Kì í ṣe ìbọn adigunjalè tàbí ti ajínigbé ni mo wá sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìbọn ọmọlúàbí ni tèmi: ṣakabùlà tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí bàbá fi sílẹ̀ kó tó papò dà, èyí tí wọ́n gbé padà sórí àjà lẹ́yìn Ojúde Ọba tí ẹnikẹ́ni ò tún bojú wò ó títí Iléyá mìíràn fi dé. Níbo ni ìbọn yẹn ń sùn? Ta ló sì lè fọwọ́ kàn án nígbà tí onílé ò sí ńlé?

Ìbọn kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ wa. Nígbà tí òyìnbó kó ogun wá bá Ìjẹ̀bú ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, ogun tí a ń pè ní ogun Ìmagbọn, ìbọn ni àwọn bàbá wa fi dá wọn lóhùn létí odò Yemoji. Lónìí ńkọ́? Igbó Ọmọ, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí J4, fẹ̀ tó hẹ́kítà 130,000. Abúlé tó bá múlé gbe irú igbó bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe kó má ní ọdẹ. Ẹni tó gbin kòkó mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí lọ́wọ́ ọ̀bọ, ẹni tó gbin ẹ̀gẹ́ mọ ti òyà. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, bí àwọn ìdílé Balógun bá ń gun ẹṣin bọ̀ lọ́jọ́ Ojúde Ọba tí ìbọn ò dún, àwọn àgbà á ní ọdún ò tíì bẹ̀rẹ̀. N kò wá sọ pé kí ẹnikẹ́ni ju ìbọn nù.

Àwọn àgbà ní, “Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí a kọ ọ́ sí òun?” Àgbàlagbà ni òwe yẹn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọdé yóò gbà kí wọ́n kọ ọ́ sí òun. Kódà, òun fúnra rẹ̀ ló máa yí ẹnu ìbọn sójú ara rẹ̀, kó lè yọjú wo ohun tó wà nínú ihò.

Ẹ jẹ́ ká wo ọdẹ tó ń ti igbó bọ̀ ní ìdájí. Kò rí ẹran pa. Ìbọn rẹ̀ ṣì wà bó ṣe kì í lálẹ́ àná: ó da ẹ̀tù sí i láti ẹnu, ó ki òwú bọ̀ ọ́, ó da ọta lé e, ó tún ki òwú, ó wá fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀ dáadáa. Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìbọn síbẹ̀. Ó ti rẹ bàbá. Ó fi ìbọn ti ògiri, ó fi àpò ọdẹ kọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sùn lọ fọnfọn. Ọmọ ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà jí, ó rí ìbọn. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ ní ohunkóhun rí, ṣùgbọ́n ó ti ń wo bàbá àgbà láti ìgbà tó ti ń rákò. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e lé èjìká, ó mọ irin tí ìka ń fà.

Mo dúró lórí èyí nítorí pé ìbọn tí àwọn tó ń kọ òfin ní ìlú òkèèrè ń rò kì í ṣe irú tiwa. Ẹni tó ní ìbọn tó ń lo kátíríìjì kàn máa ṣẹ́ ẹ ní ìdí ni, á yọ kátíríìjì méjèèjì sápò, ó tán. Ṣakabùlà ò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó gba ẹnu wọlé kì í tún gba ẹnu jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ ní láti yìn ín, tàbí kí ẹ fi irin fa òwú inú rẹ̀ jáde pẹ̀lú sùúrù, iṣẹ́ tó léwu ni. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọdẹ fi ń gbé e délé pẹ̀lú ẹ̀tù nínú. Àìbìkítà kọ́ ló ń ṣe wọ́n. Òfin tó bá kàn ní “ẹ yọ ọta kúrò” ò tíì sọ nǹkan kan fún irú wọn.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìbọn ti pọ̀ lọ́wọ́ aráàlú ju orílẹ̀-èdè èyíkéyìí lọ, àwọn ìlú kan ti gbìyànjú láti fi òfin ìlú dáhùn ọ̀rọ̀ yìí. San Francisco ṣe tiwọn ní 2007. Wọ́n ní ìbọn ìléwọ́ tó bá wà nínú ilé gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí títì, tàbí kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ di apátí rẹ̀, àyàfi bó bá wà lára ẹni tó ni ín. Àwọn onílé kan àti NRA, ẹgbẹ́ ńlá àwọn oníbọn, pe ìlú náà lẹ́jọ́. Ní 2014, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní òfin náà dúró. Ní 2015, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ kọ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé adájọ́ méjì, Thomas àti Scalia, fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ.

Kí wá ló dé tí ti San Francisco dúró, nígbà tí ti Washington D.C. ti ṣubú ní 2008? Òfin D.C. ní kí ìbọn ilé máa wà láìní ọta nínú, ní títú palẹ̀ tàbí ní dídè, kò sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Heller, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ wọ́gi lé e, òun àti òfin tó ka ìbọn ìléwọ́ léèwọ̀ níbẹ̀. Ohun tí mo rí kọ́ nínú ẹjọ́ méjèèjì ni èyí: ìbọn wà lára rẹ, tàbí kó wà lábẹ́ àgádágodo. Òfin tó béèrè méjì yìí kò ni ẹnikẹ́ni lára. Èyí tó bá di onílé lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀ ni kì í pẹ́.

Ẹjọ́ kan tún wà tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Edmonds, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Washington (èyí yàtọ̀ sí D.C. tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan), ṣe òfin ìpamọ́ ìbọn tirẹ̀ ní 2018, ó sì fi owó ìtanràn tì í lẹ́yìn. Ní 2022, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ náà fagi lé e. Wọn ò sọ pé àgádágodo burú o. Wọ́n ní ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ láti ṣòfin ìbọn, ìlú kò ní in.

Ibi tí tiwa náà wà gan-an nìyẹn. Nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ọ̀rọ̀ ìbọn, ọta àti ohun abúgbàù wà lára ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí. Nọ́ńbà kejì ló wà nínú àkọsílẹ̀ yẹn. Ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Ìjẹ̀bú lè fún bárò, kẹ̀kẹ́ àti ọkọ̀ ojú omi kékeré níwèé àṣẹ, ó wà nínú ìwé òfin bẹ́ẹ̀. Kò lè ṣòfin pé kí ẹ ti ìbọn mọ́ àpótí. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Abẹ́òkúta náà ò lè ṣe é. Nítorí náà, ẹni tó bá ń dúró de káńsílọ̀ wọ́ọ̀dù rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìdúró yẹn á pẹ́.

Òfin ìbọn tí Àbújá ní ti wà láti 1959. Ohun tó jẹ ẹ́ lógún jù ni ẹni tó lè ní ìbọn: kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí kò tíì pé ọdún 17, tàbí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa, tàbí ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún. Ẹ wò ó bó ṣe ṣe pàtó tó. Gbogbo àwọn tí òfin yẹn sọ pé ìbọn ò gbọ́dọ̀ bọ́ sí lọ́wọ́ ló ṣeé ṣe kí wọ́n wà nínú agboolé kan náà pẹ̀lú ẹni tí wọ́n fún níwèé àṣẹ. Bí a bá fi ìbọn sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, àwa la fún wọn níwèé àṣẹ yẹn.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé òfin ò lè mú ẹni tó fi ìbọn sílẹ̀ gbayawu. Nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí a ń lò ní gúúsù Nàìjíríà, abala 304 ní ẹni tí ohun tó lè wu ẹ̀mí èèyàn léwu bá wà níkàáwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tọ́jú rẹ̀ bó ti yẹ. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, òun ni òfin máa kà sí ẹni tó fa ohun tó bá tìdí rẹ̀ yọ. Kò dárúkọ ìbọn. Kò nílò kó dárúkọ rẹ̀. Irú òfin àtijọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n lò ní Michigan. Ní oṣù kọkànlá 2021, ọmọ ọdún 15 yìnbọn pa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin nílé ẹ̀kọ́ girama tó wà ní Oxford níbẹ̀. Ìbọn tí bàbá rẹ̀ rà ló lò. Ìpínlẹ̀ náà ò tíì ní òfin ìpamọ́ ìbọn nígbà yẹn. Ẹ̀sùn ìpànìyàn láìmọ̀ọ́mọ̀, tó ti wà tipẹ́, ni wọ́n fi kan bàbá àti ìyá, wọ́n sì dá àwọn méjèèjì lẹ́bi ní 2024. Ó kéré tán, ọdún mẹ́wàá ni kálukú máa lò lẹ́wọ̀n.

Kí wá la lè ṣe níbí? Mo gbà tọkàntọkàn pé òfin tó lè wọ ilé ọdẹ kí òfin ìjọba tó dé ibẹ̀ ni òfin ẹgbẹ́ ọdẹ. Ẹ̀yin lẹ mọ ẹni tó ní ìbọn ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Bí Olúọdẹ bá ní kí ọdẹ kan má jáde, kò ní jáde, kò sì sí ẹni tó máa gbé e lọ sí kóòtù. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ fẹnu kò pé kí ọdẹ tó kúrò nínú igbó ni yóò ti yin ohun tó wà nínú ṣakabùlà rẹ̀ sínú ilẹ̀, kì í ṣe nígbà tó bá dé ẹ̀yìnkùlé, torí pé ní àsìkò tí a wà yìí, ìró ìbọn nítòsí ilé á kó jìnnìjìnnì bá gbogbo àdúgbò. Bí kò bá lè yìn ín, kó mú ohun tó ń gbaná sí ẹ̀tù kúrò lórí rẹ̀, bó jẹ́ orí ìṣáná náà ló ń lò, kó sì tì í mọ́lẹ̀ bó bá ṣe ń wọlé, kó tó bọ́ bàtà. Ẹ ki ẹ̀wọ̀n bọ irin róbótó tó yí apátí ká, kí ẹ fi àgádágodo dè é mọ́ irin tí wẹ́dà ti rì mọ́ ògiri. Ẹ̀wọ̀n àti àgádágodo ò ṣòro rí ní ọjà Òkè-Ajé. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a, kí wẹ́dà bá a ṣe àpótí irin. Ẹ̀tù ńkọ́? Inú agolo tó ní ìdérí ni kó wà, jìnnà sí ilé ìdáná, lábẹ́ títì ọ̀tọ̀. Ọmọ tó bá rí ìbọn kò gbọ́dọ̀ rí ẹ̀tù.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ má sọ fún mi pé ẹ ti fi pamọ́. Ọmọ tó mọ ibi tí màmá ń tọ́jú mílíìkì sí mọ ibi tí bàbá ń tọ́jú ìbọn sí.

Bí wọ́n bá rí ìbọn ọmọ ẹgbẹ́ kan láìtì, kí Olúọdẹ gbà á sọ́wọ́ títí tó fi máa mú àgádágodo wá. Bí ìyàwó ọdẹ bá sì ni ó wá sọ ọ́, ẹ má pè é ní olófòófó.

Mo tún fẹ́ fi ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í fẹ́ sọ ọ́ síta. Àwọn olùwádìí ní RAND, ní Amẹ́ríkà, ti gbé ọ̀pọ̀ ìwádìí yẹ̀ wò. Wọ́n rí ẹ̀rí pé òfin tó ń mú ìbọn kúrò nítòsí ọmọdé ń dín ikú àti ìpalára àṣìṣe kù láàárín àwọn ọmọ, ó sì ń dín iye ọ̀dọ́ tó ń fọwọ́ ara wọn pa ara wọn kù. Ọmọ tí ìdààmú bá lálẹ́ òní lè rí ẹni bá a sọ̀rọ̀ lọ́la, bí ohun tó wà nítòsí rẹ̀ bá wà ní títì.

Bàbá kan dìde, ó ní, “Lọ́yà, bí olè bá kanlẹ̀kùn lóru, ṣé kọ́kọ́rọ́ ni kí n máa wá?” Mo ní: Bàbá, ẹ so kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ ìdí yín. Bí ẹ bá ń ṣọ́ àdúgbò lóru, ìbọn wà lára yín nìyẹn, kò sí ẹni tó ní kí ẹ tì í. Ọ̀sán, nígbà tí ẹ bá wà lóko tí ilé ṣófo, ni mo ń bẹ̀rù. Ìbọn tí wọn ò tì ni olè kọ́kọ́ ń gbé, ọ̀dọ̀ aládùúgbò yín ló sì máa gbé e lọ.

Ìyá kan náà béèrè ohun tí òun lè ṣe sí ìbọn ọkọ òun tó ti kú. Ó ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti ìgbà ìsìnkú, ó sì ń bẹ̀rù pé wọ́n lè mú òun bí òun bá jẹ́wọ́. Ìyá, ìwé àṣẹ kì í ṣe ogún. Ọkọ yín ni wọ́n fún, ó sì parí nígbà tó lọ. Ẹ má fún ẹ̀gbọ́n, ẹ má tà á, ẹ má sì fọwọ́ kàn án fúnra yín, torí pé a ò mọ̀ bóyá ẹ̀tù ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ kó àwọn ọmọ kúrò nínú yàrá yẹn lónìí, kí ẹ ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Olúọdẹ ti gbà níwájú gbogbo yín pé òun máa rán ọdẹ méjì tẹ̀ lé yín délé láti yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì bá yín lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá ní ibi ìkóhun-ìjà tí òfin fọwọ́ sí fún irú rẹ̀. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ gba ìwé tó fi hàn pé ẹ ti fà á lé wọn lọ́wọ́.