Kí Ni Souvenir Ń Ru Sókè Nínú Ọpọlọ?

Ẹ wo ohun kékeré tí ẹ mú bọ̀ láti ìrìn àjò, ìbáà ṣe ife tàbí òkúta etí òkun. Souvenir là ń pè é. Faransé ni ọ̀rọ̀ náà, ìrántí ni wọ́n sì ń fi sọ. Ṣùgbọ́n inú èdè Látìn ló ti ṣẹ̀ wá, láti ara subvenire: sub ni ìsàlẹ̀, venire ni kí nǹkan wá. Ohun tó gbérí láti ìsàlẹ̀ wá síni lọ́kàn. Kò sẹ́ni tó mọ bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, àmọ́ wọ́n kúkú sún mọ́ ọn.

Nínú ọpọlọ, lápá ọ̀tún àti òsì, ẹ̀yà kan wà tó ń jẹ́ hippocampus. Lọ́dún 1953, oníṣẹ́ abẹ William Scoville gé púpọ̀ nínú méjèèjì kúrò fún Henry Molaison, kí wárápá lè fi í lọ́rùn sílẹ̀. Wárápá dẹwọ́ lóòótọ́. Àmọ́ láti ìgbà náà, ohun tuntun kì í dúró lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Brenda Milner, tó ṣàyẹ̀wò rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní láti máa sọ ẹni tóun jẹ́ fún un lákọ̀tun. Ìgbà èwe ńkọ́? Ó ṣì rántí ìyẹn o.

Ìsopọ̀ ni iṣẹ́ hippocampus. Ohun tí ẹ rí wà níbì kan nínú ọpọlọ, ìró wà níbòmíràn, òórùn wà lọ́tọ̀. Òun ló ń dì wọ́n pọ̀. Bí ọwọ́ yín bá kan òkúta yẹn, ọ̀rọ̀ á di mo fa gbùùrù, gbùùrù fa igbó: ariwo omi á dé, orúkọ ẹni tẹ́ ẹ jọ rìn náà á dé.

Ibi tó yà mí lẹ́nu jù nìyí. Lọ́dún 2000, Karim Nader àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i lára eku pé ìrántí ìbẹ̀rù tó ti fìdí múlẹ̀ máa ń rọ̀ padà bí wọ́n bá ru ú sókè, ọpọlọ sì gbọ́dọ̀ tún un dì. Nígbà tí wọ́n fi oògùn dènà àtúndì náà, ìrántí ọ̀hún pòórá. Ohun tó gbérí, ó ṣeé ṣe kó má padà sísàlẹ̀ bó ṣe wá.

Fọ́tò wá ńkọ́, souvenir tó pọ̀ jù láyé òde òní? Nínú ìwádìí tí Linda Henkel tẹ̀ jáde lọ́dún 2014, àwọn tó ya fọ́tò nǹkan inú mùsíọ́mù rántí rẹ̀ kéré sí èyí tí wọ́n kàn wò. Àfi nígbà tí wọ́n fa kámẹ́rà sún mọ́ apá kan ṣoṣo lára nǹkan ọ̀hún: ìyẹn ò pa ìrántí wọn lára.