Ẹ Ti Ilẹ̀kùn Kí Ẹ Tó Béèrè: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún Nọ́ọ̀sì àti Dókítà lórí Ìwà Ipá Inú Ilé

Ẹ kú ìjókòó. Ẹ ti rí àwòrán ojú wíwú tó nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn ẹlòmíì, n kò ní fi ọ̀kankan hàn yín. Àwọn tó ń gbé àwòrán kiri ló sọ wá di òṣìṣẹ́ tó mọ àmì lílù mẹ́wàá, àmọ́ tí ẹnu rẹ̀ ń wọhò bí aláìsàn bá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń lù mí."

Yàrá ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tò. Bí ọkọ bá jókòó ti aláìsàn, ẹ má béèrè bóyá wọ́n ń lù ú rárá. "Mo ṣubú ni" lẹ máa gbọ́, ọkọ á sì ti mọ̀ pé ẹ fura. Ilé ni yóò ti gba ẹ̀san. Ẹ fi iṣẹ́ yà wọ́n: ìtọ̀ tí ẹ fẹ́ yẹ̀ wò, ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ gbà ní yàrá kejì. Èyí tó dára jù ni kó jẹ́ òfin fún gbogbo aláìsàn pé òun nìkan ni yóò kọ́kọ́ wọlé, kó má baà dà bíi pé ẹnì kan lẹ dájú sọ. Ọmọ tó ti lé lọ́dún méjì lè tún ọ̀rọ̀ sọ nílé, ẹ mú un jáde. Ẹbí kò gbọdọ̀ ṣe ògbufọ̀. Ìwé pélébé tí ẹ fi sínú báàgì rẹ̀ àti àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ fi sórí fóònù rẹ̀ náà, inú yàrá yẹn ni mo kà wọ́n sí, torí ọkọ lè rí wọn.

Ẹ wá béèrè ní tààràtà: "Ṣé ẹ̀rù ẹnì kan ń bà yín nílé?" Ẹ má sọ pé "Kò sí wàhálà nílé, àbí?" Ìyẹn ti dá ara rẹ̀ lóhùn.

Ẹ sì rántí ìwádìí IRIS, tí wọ́n ṣe ní Hackney àti Bristol nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí dídá òṣìṣẹ́ ìlera lẹ́kọ̀ọ́ nípa ìwà ipá inú ilé, tó jáde nínú Lancet, ìwé ìròyìn ìṣègùn, lọ́dún 2011. Àwọn ilé ìwòsàn tí wọ́n dá lẹ́kọ̀ọ́ darí aláìsàn sọ́dọ̀ alágbàwí, ẹni tó ń ran àwọn tí wọ́n ń lù nílé lọ́wọ́, nígbà 223. Àwọn tó kù, ìgbà 12. Lójú tèmi, mímọ àmì kọ́ ló ṣe é. Dókítà mọ ẹni tó máa pè ni.

Nọ́ọ̀sì kan dìde níbí: "Mà, ṣé ká kúkú pe ọkọ, ká bá wọn parí ẹ̀?"

Rárá o! Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kò lè sọ òótọ́ níṣojú ẹni tó ń dẹ́rù bà á. Ẹ má sì pàṣẹ pé kó kó jáde lónìí. Àsìkò tí ènìyàn ń kúrò gan-an ni ewu ikú máa ń ga sí i. Ẹ bi í léèrè: ṣé lílù náà ń pọ̀ sí i? Ṣé ohun ìjà wà nílé? Ṣé ó ti fún un lọ́rùn rí? Èyí tó gbẹ̀yìn yìí, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Ọrùn lè má ní àpá kankan. Ẹ wo ohùn tó há, oúnjẹ tó ṣòro gbé mì, ojúami pupa wínniwínni nínú ẹyinjú, ìtọ̀ tó dà sára. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn lè ti ya, kí àrùn rọpárọsẹ̀ dé lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, nítorí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa lọ́jọ́ yẹn.

Wọ́n ní àkókò ti tán, ẹ jẹ́ n sáré. Nínú fáìlì, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gan-an ni kí ẹ kọ; ẹ fọwọ́ ya àwòrán ara, kí ẹ sàmì sí ojú ọgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀. Bó bá ní òun ń padà sílé, ẹ má bínú. Ẹ fún un lọ́jọ́ mìíràn, kí ẹ sì kọ ẹ̀jẹ̀ ríru sórí káàdì bí ìdí tó fi ń bọ̀, kí ọkọ má baà fura.