Àwokòtò àti Aṣọ Ìnura

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ kan sọ ní Adó-Èkìtì. Mo tún un kọ fún àwọn tí kò sí níbẹ̀.)

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni mo bá wá lónìí.

Láyé àwọn Júù ìgbà Bíbélì, sálúbàtà ni wọ́n fi ń rìn nínú eruku. Bí àlejò bá wọlé, omi ẹsẹ̀ ló kàn. Ẹni tó sì máa ń fọ ẹsẹ̀ fún un, ẹrú ilé ni. Nígbà tí Dáfídì ránṣẹ́ pé òun fẹ́ fi Ábígẹ́lì ṣe aya, obìnrin náà dojúbolẹ̀, ó ní òun ṣe tán láti fọ ẹsẹ̀ àwọn ìránṣẹ́ Dáfídì. Ó mọ ibi tí ìsàlẹ̀ wà, ibẹ̀ ló tọ́ka sí.

Ìsàlẹ̀ yẹn náà ni Jésù lọ nínú Jòhánù orí 13. Ó dìde nídìí oúnjẹ, ó bọ́ aṣọ àwọ̀lékè rẹ̀, ó sán aṣọ ìnura mọ́ ìdí, ó bu omi sínú àwokòtò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sáré kọjá ẹsẹ 3. Kí Jòhánù tó mẹ́nu kan omi rárá, ó ti kọ́kọ́ sọ fún wa pé Jésù mọ̀ pé Baba ti fi ohun gbogbo lé òun lọ́wọ́, pé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run lòun ti wá, ibẹ̀ náà lòun ń padà sí. Ìgbà yẹn ló wá dìde. Ẹni tó mọ irú ẹni tóun jẹ́ ló kúnlẹ̀ yẹn. Yorùbá ya ìrẹ̀lẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìrẹ̀sílẹ̀. Ẹlòmíràn ló ń rẹ ènìyàn sílẹ̀. Ìrẹ̀lẹ̀ ní tirẹ̀, ènìyàn fúnra rẹ̀ ló ń yàn án.

Júdásì ṣì wà nínú yàrá náà o. Ẹsẹ̀ tó máa tó rìn lọ dalẹ̀ lóru ọjọ́ yẹn, Jésù fọ̀ ọ́, ó sì nù ún gbẹ. Ọdọọdún ni mo ń ka ibẹ̀, ọdọọdún ló ń mú mi dákẹ́.

Nínú ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Fílípì, Bíbélì wa ní Jésù mú àwọ̀ ìránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ Gíríkì tí Pọ́ọ̀lù lò níbẹ̀, doulos, ẹrú gan-an ni. Ta ni yóò túmọ̀ ẹrú fún ọmọ Èkìtì? Kí ogun Kírìjì, tí Èkìtì bá Ìbàdàn jà, tó bẹ́ ní 1877 ni wọ́n ti ń kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú. Àwọn kan nínú wọn gbọ́ ìhìnrere níbi tí ogun gbé wọn jù sí, nígbà tí ọ̀nà sì là, wọ́n gbé e padà wálé. Irú wọn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọrin ìjọ ní àwọn ìlú wa. Ẹnu ẹni tí wọ́n ti tà rí la ti gbọ́ nípa Olúwa tó mú àwọ̀ ẹrú.

Ẹ tún wo díákónì. Ọ̀rọ̀ Gíríkì lòun náà. Ìránṣẹ́ ló jẹ́, títí kan ẹni tó ń gbé oúnjẹ fúnni. Nínú Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí 6, wọ́n ń fo àwọn opó kan dá nínú ìpín oúnjẹ ojoojúmọ́, ìyẹn ni wọ́n ṣe yan ọkùnrin méje. Ìdí oúnjẹ ni Sítéfánù ti bẹ̀rẹ̀. N kò bá ìwúyè jà, ẹ wọ aṣọ yín. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá tó ń gúnyán lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkórè, tí ariwo odó kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìwàásù, iṣẹ́ díákónì ni wọ́n ń ṣe.

Èmi náà ti ṣe áṣà rí. Lọ́jọ́ ìkórè kan, ìyá àgbà kan wọlé, eruku ọ̀nà oko ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó jókòó sórí àga tí mo fi pamọ́ de àwọn tó ń bá alága ọjọ́ bọ̀. Mo ní, “Màmá, ẹ bọ́ sẹ́yìn.” Kò jiyàn. Ó dìde, ó fi etí ìborùn rẹ̀ nu àga náà kó tó kúrò níbẹ̀, bí ẹni pé ó ti dọ̀tí rẹ̀. Mo mọ ohun tí Jákọ́bù orí 2 sọ nípa olówó àti tálákà nínú ìpéjọ. Mo ti há a sórí pàápàá. N kò rántí ẹni tó wá jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìborùn yẹn ni mò ń rí.

Nígbà tí ìbéèrè kàn, bàbá kan tí apá rẹ̀ ọ̀tún ti rọ ní kí wọ́n gbé makirofóònù wá. Ó ní mo yára kọjá lórí Pétérù tó ní Olúwa kò ní fọ ẹsẹ̀ òun láé. Òótọ́ ni, n kò tilẹ̀ dúró níbẹ̀. Ó ní, “Níbí, ọmọdé ló ń bu omi fún àgbà, ó rọrùn fún mi nígbà náà. Ní báyìí, ọmọ mi ọkùnrin ló ń wẹ̀ mí láràárọ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń bá a jà lórí kànìnkànìn. Mo ti sin èèyàn láyé mi, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí wọ́n sin èmi ni n kò tíì kọ́.”

Ó dá makirofóònù padà. Ọmọ rẹ̀, tó jókòó tì í, bá a tún fìlà rẹ̀ ṣe.