Ẹ Jẹ́ Kí Nọ́ọ̀sì Tuntun Béèrè

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì sọ ní Ṣágámù nìyí. Àwọn ẹ̀gbọ́n tí yóò gbà wọ́n sí wọ́ọ̀dù náà wà níjókòó. Mo tún un kọ fún àwọn tí kò ráyè wá.)

Ẹ̀yin àgbà tó jókòó síwájú, mo kí yín. Ẹ̀yin àbúrò mi tí yunifọ́ọ̀mù yín ṣì ń dán, ẹ kú oríire o. Ìyà ilé ẹ̀kọ́, ìdánwò ìjọba, gbogbo rẹ̀ lẹ ti là kọjá. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba yín báyìí, n kò sì wá láti sọ pé kí ẹ má bẹ̀rù. Nọ́ọ̀sì tuntun tí ẹ̀rù kò bà rárá ni mo máa ń ṣọ́ jù ní wọ́ọ̀dù.

Ohun tí mo wá sọ kò pọ̀. Ìgboyà tó dára lórí iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ojú líle. Ó ń wá láti inú ohun tí ẹ fi ojú ara yín rí tí ẹ sì kà, ó sì ń wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ lè bi léèrè láìfòyà. Ti àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ yín. Èkejì wà lọ́wọ́ àwa àgbà, ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wa wà.

Ẹ jẹ́ kí n mú mímí. Ẹ ṣí ìwé ìtọ́jú ní ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù, ẹ wo ibi tí a ń kọ iye èémí sí. Ẹ ó rí 20, 20, 20, láti bẹ́ẹ̀dì àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn. Bàbá tí òtútù àyà ń dà láàmú, 20. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń múra ilé, 20. Kò sẹ́ni tó kà á; ẹnìkan kọ ọ́, àwọn yòókù sì dà á kọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìgbà 12 sí 20 ni àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le máa ń mí ní ìṣẹ́jú kan. Bí àìsàn bá fẹ́ yíwọ́, èémí sábà máa ń yí padà kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tó wálẹ̀, kí aláìsàn fúnra rẹ̀ tó sọ pé nǹkan ń ṣe òun. Ẹ wo aago, ẹ kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ẹ di ọrùn ọwọ́ aláìsàn mú bí ẹni tó ń ka ìlù ọkàn rẹ̀, kí ẹ máa wo àyà rẹ̀, torí ẹni tó bá ti mọ̀ pé wọ́n ń ka èémí òun yóò yí i padà.

Ti ọmọdé tún gba àkíyèsí. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2, bí ó bá mí tó ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú kan, ó ti yá jù. Láti oṣù 2 sí 11, 50 ni. Láti ọdún kan títí kó tó pé ọdún 5, 40 ni. Ẹ há àwọn nọ́ńbà yìí sórí bí ẹ ṣe mọ nọ́ńbà fóònù ìyá yín.

Ẹ wo ìyá tí gìrì aboyún mú, tí dókítà ní kí a máa fún ní magnesium sulphate. Oògùn yìí ń gba ẹ̀mí là. Bí ó bá pọ̀ lára, ó lè dá mímí dúró. Torí náà, kí ẹ tó fún un ní èyí tó kàn, ẹ kọ́kọ́ ka èémí rẹ̀, kó má dín sí 16. Ẹ fi òòlù kékeré kan orúnkún rẹ̀, ẹ wò ó bóyá ẹsẹ̀ á ta. Ẹ wo àpò ìtọ̀, kí ohun tó wọlé má dín sí mílílítà 30 ní wákàtí kan. Calcium gluconate, tí í ṣe ẹ̀rọ̀ rẹ̀, gbọ́dọ̀ wà nítòsí bẹ́ẹ̀dì, kó má jẹ́ pé ilé oògùn la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sáré lọ. Ẹ wá ro ó wò: kí ni a fẹ́ bá ìyá náà sọ bí ó bá jẹ́ pé 20 tí a dà kọ ló wà lórí ìwé?

Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lẹ́yìn ìbímọ náà rí bẹ́ẹ̀. Ojú wa kò mọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀. Èyí tó pọ̀ gan-an la sábà ń rí bí díẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Kẹ́ńyà, Nàìjíríà, South Africa àti Tanzania, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2023, lo rọ́bà tí wọ́n sàmì ìwọ̀n sí lára, tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti kan àmì tó yẹ ká ta gìrì, gbogbo ìtọ́jú tó yẹ ni wọ́n ń ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kì í ṣe é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n máa wò ó. Ewu ẹ̀jẹ̀ líle fi ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù níbi tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn agbẹ̀bí bíi tiyín ló ṣe é, ní ilé ìwòsàn bíi tiwa. Nọ́ọ̀sì tó bá lè sọ pé "ó ti tó mílílítà 500" kò nílò kó pariwo kí wọ́n tó gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ orúkọ wá kàn. Ní apá ọ̀dọ̀ wa níbí, Ìyá Ìbejì lè jẹ́ méjì nínú wọ́ọ̀dù kan, Alhaja á sì tó mẹ́rin. Bí ẹ bá gbé oògùn dé iwájú màmá arúgbó tí ẹ ní, "Ṣé ẹ̀yin ni Ìyá Bọ́lá?", yóò mi orí. Ó lè má gbọ́ yín dáadáa, ó sì lè jẹ́ pé kò fẹ́ já yín kulẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni orúkọ yín lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́?" Ẹ wá fi wé ohun tó wà lórí ìwé àti ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Àwọn àgbà míì á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ò mọ̀ mí láti àná ni?" Ẹ kúnlẹ̀ díẹ̀, ẹ ní, "Mo mọ̀ yín mà, oògùn yín ni mi ò fẹ́ kó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn." N kò tíì rí ìyá tó gbọ́ èyí tó bínú. Àwọn tí wọ́n bá gbé wá láti ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn tàbí ti Ṣágámù sí Ọ̀rẹ́, tí wọn kò lè sọ̀rọ̀, ẹ fún wọn ní nọ́ńbà kí ẹ tó fún wọn ní ohunkóhun mìíràn, kí nọ́ńbà náà sì wà lára wọn, kó má jẹ́ ara bẹ́ẹ̀dì nìkan.

Bákan náà, ẹ bi wọ́n nípa àgbo, kí ẹ má sì fi ohùn olùkọ́ béèrè. Bí ẹ bá ní, "Ẹ ò kúkú lo àgbo kankan?", wọn á ní rárá. Bí ẹ bá ní, "Kí lẹ ti lò nílé kí ẹ tó wá?", wọn á sọ gbogbo rẹ̀.

Ní ti ìṣirò oògùn, ẹ jẹ́ ká sọ pé dókítà kọ gentamicin mílígíráàmù 40 fún ọmọ tó wọn kílò 8. Ìgò kékeré tó wà lọ́wọ́ yín ní mílígíráàmù 80 nínú mílílítà 2, mílílítà 1 lẹ ó sì fà. Bí odo kan bá ṣèèṣì lé sí i, 40 á di 400, ìgò márùn-ún lẹ ó fọ́ fún ọmọ kan ṣoṣo. Bí oògùn ẹyọ kan bá ti fẹ́ gba ju ìgò méjì lọ, ẹ dá ọwọ́ dúró, ẹ pe ẹnìkan kó bá yín tún un ṣírò. Ẹ má sọ iye tí ẹ rí fún un kó tó ṣe tirẹ̀. Bí ẹ bá sọ ọ́, kò ní ṣírò mọ́, ó kàn máa bá yín gbà ni. Ẹ máa kọ 0.5, ẹ má kọ .5, ẹ kọ 5, ẹ má kọ 5.0, torí bí ojú bá fo àmì kékeré yẹn, .5 á di 5, 5.0 á sì di 50.

Mo ní kí ẹ pe ẹnìkan. Ta lẹ fẹ́ pè?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ibí ni mo ti ń wá yín. Bí nọ́ọ̀sì tuntun bá bi yín ní ohun tí ẹ rò pé ó yẹ kó ti mọ̀, tí ẹ sì fún un lésì pé, "Kí ni wọ́n wá kọ́ yín nílé ẹ̀kọ́?", kò ní béèrè mọ́. Kì í ṣe pé ó ti wá mọ̀ ọ́n. Yóò lọ bi ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí òun náà kò mọ̀, tàbí kó wo fóònù, tàbí kó méfò. Aláìsàn ló máa jẹ gbèsè èsì tí ẹ fún un yẹn. Patricia Benner, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ní 1984 pé ìpele márùn-ún ni nọ́ọ̀sì ń gbà kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ibi ìjìnlẹ̀, ó sì sọ pé ó máa ń tó ọdún méjì sí mẹ́ta nínú irú iṣẹ́ kan náà kí ènìyàn tó dá múṣẹ́ ní ìpele kẹta. Ọdún méjì sí mẹ́ta! Àwa ń retí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ó tún sọ ohun kan tí mo fẹ́ kí àwa àgbà gbọ́ dáadáa: nọ́ọ̀sì tó ti di ògbóǹtarìgì, bí wọ́n bá gbé e lọ síbi tí kò ṣiṣẹ́ rí, yóò padà di ẹni tó ń kọ́ṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n tó ti fi ogún ọdún wà ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé, ẹ ó rí i pé òun náà á máa wá ẹni tí yóò bi.

Ní ilẹ̀ wa, ọmọ tó bá ń dá àgbà dúró lẹ́nu iṣẹ́, ojú aláìlẹ́kọ̀ọ́ la fi ń wò ó. Mo fẹ́ràn ẹ̀kọ́ ilé wa, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jù ú nù. Ṣùgbọ́n inú ẹ̀kọ́ ilé náà ni ohun tí a lè sọ wà. Bí ẹ bá rí i tí ẹ̀gbọ́n fẹ́ fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ẹ tó fún un, ẹ jẹ́ ká jọ wo ìwé rẹ̀." Bí ìyẹn kò bá dá ọwọ́ dúró, ẹ ní, "Ẹ má bínú mà, ọkàn mi ò balẹ̀ nípa oògùn yìí." Bí ó bá ṣì ń lọ, "Ẹ dákun, ẹ dúró." Ẹ lè kúnlẹ̀ sọ ọ́ bí ẹ bá fẹ́, kí ẹ ṣáà sọ ọ́ kí abẹ́rẹ́ tó wọlé. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ àgbà, ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo wọ́ọ̀dù, ì báà jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ jàre.

Fóònù òru sí dókítà tún ń dá ọ̀pọ̀ yín lóró. Mo gbọ́ bí ẹ ṣe ń sọ ọ́: "Ẹ kú alẹ́ sà, ẹ má bínú sà, ẹ̀yin náà kú iṣẹ́, aláìsàn kan ni, kò fi bẹ́ẹ̀ gbádùn..." Kí ẹ tó dé ibi tó ń bọ̀, oorun ti tún gbé dókítà lọ. Ọ̀nà kan wà tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, nínú ọkọ̀ abẹ́ omi, kó tó dé ilé ìwòsàn. SBAR ni wọ́n ń pè é (Situation, Background, Assessment, Recommendation). Ẹ sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ohun tó ti wà tẹ́lẹ̀, ohun tí ẹ rò pé ó fà á, àti ohun tí ẹ fẹ́. Lédè wa: "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí ni. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ìyá kan, ó ti tó mílílítà 700. Ọmọ karùn-ún rẹ̀ ló bí ní wákàtí kan sẹ́yìn, ó ti gba abẹ́rẹ́ oxytocin yúnìtì 10 sínú iṣan. Ìfúnpá rẹ̀ 90/50, ìlù ọkàn 124. Ilé ọmọ rẹ̀ rọ̀, mo rò pé kò sún kì. Mo ń fọwọ́ ra á lọ́wọ́ báyìí, omi ti ń wọ ara rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ máa bọ̀." Ìkíni kan ṣoṣo ti tó. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà bí ọwọ́ yín bá ń gbọ̀n.

Ìbẹ̀rù kan náà ló ń mú kí ẹ fi abẹ́rẹ́ tó gún yín pamọ́. Ẹ má ṣe é. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ lọ sọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Oògùn tí ń dènà HIV kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 72 kí a tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bí ó bá sì tètè yá ló dára jù. Ọjọ́ 28 la ó fi lò ó. Ẹ̀gbọ́n tó bá kọ́kọ́ fi èébú pàdé ẹni tí abẹ́rẹ́ gún ti fi wákàtí ṣòfò fún un.

Mo mọ̀ pé àwọn ẹ̀gbọ́n kò pọ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ti japa, ẹni tó kù sì ń ṣe iṣẹ́ ènìyàn mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ àwọn tó ń ṣètò iṣẹ́ pé kí wọ́n má fi nọ́ọ̀sì tuntun méjì sí òru kan náà láìsí àgbà láàárín wọn, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n kan pàtó sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ nọ́ọ̀sì tuntun kọ̀ọ̀kan nínú ìwé iṣẹ́. "Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá wà nílẹ̀" kò tó. Ẹnikẹ́ni kì í sí nílẹ̀ ní aago mẹ́ta òru.

Nígbà tí a dé orí ìbéèrè, ọmọbìnrin kan dìde. Ó ní ilé ìtọ́jú kékeré kan ní apá etí omi Ìjẹ̀bú ni wọ́n ń gbé òun lọ, òun nìkan ni nọ́ọ̀sì tí yóò wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n wo ni òun fẹ́ bi? Mo ní kó má tíì gba kọ́kọ́rọ́ kó tó gba nọ́ńbà fóònù: ti nọ́ọ̀sì àgbà kan ní ilé ìwòsàn ńlá tó sún mọ́ ọn jù, ti dókítà tó ń gba àwọn tí wọ́n bá gbé wá, ti awakọ̀ méjì, àti ti ọlọ́kọ̀ ojú omi bí omi bá wà lọ́nà. Kó pe nọ́ọ̀sì àgbà náà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nígbà tí kò sí wàhálà, kí wọ́n ti mọ ohùn ara wọn. Kó lẹ àwọn nọ́ńbà náà mọ́ ògiri, torí fóònù lè kú. Ó béèrè pé bí òun bá pè tí wọn kò gbé e ńkọ́? Mo ní kó pe ẹni tó tẹ̀lé e, kó má dúró de ìpè padà. Bí aláìsàn bá ti kọjá agbára ilé ìtọ́jú náà, kó ti máa gbé e lọ bí ó ṣe ń pè, kó fa omi sí i lára kí ọkọ̀ tó gbéra, kó sì kọ sínú ìwé aago tó pe ẹnìkọ̀ọ̀kan àti ohun tí wọ́n sọ.