Ìyá Ọmọ Tó Ń Kun Àtíkè

As-salaamu alaykum wa rahmatullah. Ẹ kú Jímọ̀ o, ẹ̀yin ará mi nínú Ìsìláàmù, láti Ọjà'ba títí dé Òjòó.

Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá ọmọ ni mo gbé wá lónìí. Ní Ìbàdàn wa yìí, tí obìnrin bá ti bímọ méjì mẹ́ta, tó ṣì ń kun àtíkè, tó ń lé tìróò, tó fi nǹkan díẹ̀ pa ètè kó tó wọ Micra lọ sọ́jà, ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Wọ́n á ní, "Ta ló fẹ́ fìyẹn mú?" Nídìí asalátù ló tiẹ̀ ti ń burú jù, torí ibẹ̀ ni a ti ń fi orúkọ Ọlọ́hun bo ìlara mọ́lẹ̀.

Níbo ni Ṣàríà ti sọ pé ọmọ bíbí ló ń fòpin sí ọ̀ṣọ́? Èmi ò rí i. Ohun tí mo rí nínú Suratul A'raf, áyà 32, ni pé Ọlọ́hun ń béèrè pé ta ló ṣe ọ̀ṣọ́ tí Òun mú jáde fún àwọn ẹrú Òun léèwọ̀. Ẹni tó bá láyà kó dáhùn.

Ẹ gbọ́ ìtàn Salman, ọ̀kan nínú àwọn sàábé (ọmọlẹ́yìn Ànọ́bì), ó wà nínú Bukhari, ìwé hádíìsì. Ànọ́bì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) so òun àti Abu Darda pọ̀ bí ọmọ ìyá. Lọ́jọ́ kan Salman yà sílé Abu Darda, ó bá ìyàwó rẹ̀, Umm Darda, nínú àkísà aṣọ, kò tún ara ṣe rárá. Ó ní kí ló dé? Obìnrin náà ní arákùnrin rẹ kò fẹ́ nǹkan kan nínú ayé mọ́. Ká ní àwa la bá a bẹ́ẹ̀, a ò bá ti máa yìn ín pé olùbẹ̀rù Ọlọ́hun nìyí! Salman ò yìn ín. Ọkọ ló dojú kọ: ó ní kó jáwọ́ nínú ààwẹ̀ tó ń gbà kó bá òun jẹun, ó ní kó sùn nígbà tó fẹ́ fi gbogbo òru kírun. Ó wá sọ fún un pé Olúwa rẹ ní ẹ̀tọ́ lára rẹ, ara rẹ náà ní ẹ̀tọ́, ará ilé rẹ sì ní ẹ̀tọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé etí Ànọ́bì, ó ní òdodo ni Salman sọ.

Ààlà wà ṣá o. Hádíìsì tí Ibn Mas'ud, sàábé Ànọ́bì, gbà wá kò fi bò pé ègún wà lórí ẹni tó ń tu irun òkè ojú rẹ̀ àti ẹni tó ń rẹ́ eyín nítorí ẹwà. Suratu Nur, áyà 31, náà ní kí obìnrin má fi ọ̀ṣọ́ hàn àyàfi èyí tó bá hàn. Kí ni "èyí tó bá hàn"? Aṣọ òde ni Ibn Mas'ud pè é. Wọ́n sì gbà á wá láti ọ̀dọ̀ Ibn Abbas pé tìróò àti òrùka wà nínú rẹ̀. Bí àwọn àgbà sàábé bá lè yàtọ̀ síra níbẹ̀, ẹnu wo la fi ń bú obìnrin nítorí tìróò? Lójú tèmi ṣá, ojú tí wọ́n kùn bíi ti ìyàwó ọ̀ṣìngín, inú ilé ló yẹ ẹ́, kì í ṣe títì.

Èyí tó ń dùn mí jù ni àlùwàlá. Àtíkè lásán kì í dí omi lọ́wọ́, làálì náà àwọ̀ ló ń fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kútẹ́ẹ̀sì máa ń bo èékánná pátápátá ni. Ọkùnrin kan fi ibi tí kò ju èékánná lọ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tí omi ò kàn, Ànọ́bì ní kó padà lọ ṣe àlùwàlá rẹ̀ dáadáa. Ẹ wá lọ wo Gbági lọ́sàn-án. Ladání ti pe ìrun Àyílà, oníṣòwò wa yọ dígí kékeré láàárín àwọn ìdì ańkárá, ó wo ojú tó ti fara balẹ̀ kùn láàárọ̀, àánú rẹ̀ ṣe é. Ó ní òun á kó o pọ̀ mọ́ Àsáárì nílé. Ìyá mi, ìrun lo fi ra àtíkè yẹn o! Kun èyí tí omi lè ṣí, kó o tún un kùn lẹ́yìn sàláámà.

Tìróò náà, ẹ bá mi ṣọ́ ọ lójú àwọn ọmọ ọwọ́. Lọ́dún 2011, ní Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí ìdílé rẹ̀ ti Nàìjíríà wá. Wọ́n yẹ tìróò tí wọ́n ń lé fún un wò, òjé inú rẹ̀ lé ní 80 nínú 100. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ìyá tó ń lé tirẹ̀ náà, kó mọ ohun tí wọ́n lọ̀ sínú rẹ̀.

Ẹ̀yin baálé tẹ́ ẹ ti ń mi orí, ó kàn yín. Ibn Abbas ní òun fẹ́ràn láti ṣe ara òun lọ́ṣọ̀ọ́ fún ìyàwó òun bí òun ṣe fẹ́ kó ṣe fún òun. Ẹ̀yin sì wà nínú síńgílẹ́ẹ̀tì àná. Jímọ̀ rèé: ẹ wẹ̀, ẹ rin eyín, ẹ wọṣọ tó mọ́, ẹ fi lọ́fínńdà sí i kí kùtùbá tó bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì dé láti mọ́ṣáláṣí, ẹ má tíì bọ́ ọ.