Bí mo ṣe mú kí aránpọ̀ máa ka fáìlì orin SID

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti Gàá-Àkànbí ní Ìlọrin ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, ẹ jẹ́ ká ṣe é kíá kí wọ́n tó mú un lọ. Tí ẹ bá ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn mi, ti aládùúgbò ni, kò tíì mọ̀ pé iná ti dé.

Irinṣẹ́ tá a fẹ́ tún ṣe lónìí, èmi ni mo fi Python, èdè tá a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kọ ọ́. Aránpọ̀ ni mo sọ ọ́. Ẹ ó fún un ní fáìlì PRG méjì tàbí mẹ́ta, ìyẹn fáìlì ètò ti Commodore 64, á rán wọn pọ̀ di PRG kan ṣoṣo. Ẹni tí ò bá mọ Commodore 64, kọ̀ǹpútà ilé ayé àtijọ́ ni, ọdún 1982 ló jáde, gbogbo mẹ́mórì inú rẹ̀ ò sì ju báìtì 65,536 lọ. Fọ́tò kan péré tí ẹ bá fi fóònù yà kò lè wọ inú rẹ̀. Síbẹ̀, ó ń kọrin, orin náà sì dùn. Orin yẹn gan-an ló gbé wa dé ibí: mo fẹ́ kí aránpọ̀ máa gba fáìlì SID, ìyẹn fáìlì orin Commodore 64, bó ṣe ń gba PRG. Tẹ́lẹ̀, ńṣe ni mo máa ń fi ọwọ́ gé orí SID, ìyẹn báìtì àlàyé tó ṣáájú orin, kúrò kí n tó rán an mọ́ ètò mi. Ó ti sú mi.

Ẹ kọ́kọ́ wo PRG, torí òun ló rọrùn jù. Báìtì méjì àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ni àdírẹ́sì ibi tí gbogbo ìyókù máa gúnlẹ̀ sí nínú mẹ́mórì. Èyí tó kéré ló ń ṣáájú. Tí ẹ bá rí 01 08, $0801 nìyẹn. Nọ́ńbà tí mo bá fi àmì dọ́là síwájú rẹ̀ lójú kóòdù, òǹkà onímẹ́rìndínlógún ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ kà á bí owó. $0801 ni ètò tá a fi BASIC, èdè tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà, kọ ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ètò ti ń gbéra.

Ó yá, ẹ wo ojú kóòdù. Iṣẹ́ méjì ló wà nínú aránpọ̀. Èkíní ń jẹ́ ka_prg: ó ṣí fáìlì, ó ka báìtì méjì yẹn, ó sì dá nǹkan mẹ́ta padà, ìyẹn àdírẹ́sì, báìtì tó kù, àti orúkọ fáìlì. Èkejì ń jẹ́ ran: ó gba gbogbo àwọn ègé yẹn, ó tò wọ́n láti orí àdírẹ́sì tó kéré jù, ó wò ó bóyá méjì kan gun ara wọn, ó fi òdo dí àlàfo tó bá wà láàárín, ó sì kọ ọ́ jáde.

Ẹni tó bá ti dé agbo ilé àwọn ahunṣọ nílùú yìí á mọ̀ pé aṣọ òfì kì í ti orí òfì jáde ní fífẹ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún, télọ̀ ló ń rán an pọ̀. Télọ̀ ò ní bi yín léèrè orí òfì ta ni ègé yìí ti wá. Bó ṣe gùn tó àti ibi tó máa wà lára aṣọ ló kàn án. Bí iṣẹ́ ran ṣe rí nìyẹn. Nítorí náà, lónìí a ò ní fọwọ́ kan ran rárá. Ẹ bá mi ṣọ́ ọ. Tí ẹ bá rí i tí mo kọ ọ̀rọ̀ SID sínú ran, ẹ pariwo.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́: ẹ jẹ́ ká wo inú fáìlì SID. Mo ti ṣí ọ̀kan síbí, ìdánwò tí mo fúnra mi kọ ni, báìtì 2,430. Báìtì mẹ́rin àkọ́kọ́ ni lẹ́tà P, S, I, D. Ẹ lọ sí ipò 6 (láti òdo la ti ń ka ipò), ẹ rí 00 7C: ibi tí orí fáìlì parí sí nìyẹn, tí orin gan-an ti bẹ̀rẹ̀. $7C jẹ́ 124. Àwọn fáìlì ẹ̀dà àkọ́kọ́ máa ń ní $76 níbẹ̀, ẹ má fi ọwọ́ kọ 124 sínú kóòdù yín, ẹ kà á látinú fáìlì. Ipò 8 ni àdírẹ́sì ibi tí orin máa gúnlẹ̀ sí. Ipò 10 ni àdírẹ́sì tí a máa pè lẹ́ẹ̀kan kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Ipò 12 ni èyí tí a máa ń pè léraléra kí orin lè máa lọ. Ipò 16 ni nọ́ńbà orin tó yẹ kó kọ́kọ́ dún, torí fáìlì kan lè gbé orin mẹ́wàá. Lẹ́yìn ìyẹn ni orúkọ orin àti ti ẹni tó kọ ọ́, a ò nílò wọn lónìí.

Ibi tó mú mi lálẹ́ ọjọ́ kan rèé. Ẹ fara balẹ̀ síbí.

Mo ti mọ́ PRG lára, báìtì kékeré ṣáájú. Mo bá ka orí SID bẹ́ẹ̀. Àmọ́ orí SID, báìtì ńlá ló ń ṣáájú níbẹ̀, bá a ṣe ń kọ owó sílẹ̀. 00 7C tó yẹ kó jẹ́ 124 di $7C00, ìyẹn 31,744. Mo ní kí Python bá mi gé báìtì láti ipò 31,744 nínú fáìlì tí ò ju 2,430 lọ. Ṣé ó pariwo? Rárá o. Òfo ló dá padà fún mi, jẹ́jẹ́, bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Aránpọ̀ rán òfo mọ́ ètò mi, ó ní òun ti parí. Ọmọ kan lára àwọn tí mo ń kọ́ wá bi mí pé, “Bọ̀dá, kí ló dé tí kò dún?” Mo ní kó lọ yẹ sípíkà wò.

Nígbà tí mo rí àṣìṣe yẹn, mo bá lọ yí gbogbo rẹ̀ padà sí báìtì ńlá ṣáájú. Ibẹ̀ ni mo tún ṣubú lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ wo ipò 8 nínú fáìlì yìí: 00 00. Tí ibẹ̀ bá jẹ́ òdo, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àdírẹ́sì wà ní báìtì méjì àkọ́kọ́ orin fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bíi ti PRG. Gẹ́gẹ́ bíi ti PRG lóòótọ́: kékeré ló ń ṣáájú níbẹ̀! Lára fáìlì kan náà, orí kọjú síhìn-ín, ara kọjú sọ́hùn-ún. Báìtì yẹn ni 00 10, $1000 ni. Èmi kà á sí $0010. Aránpọ̀ bá ké pé orin gun ètò mi tó wà ní $0801. Ẹ̀yin mọ ohun tí mo ṣe? Mo fẹ́ pa àyẹ̀wò yẹn, mo rò pé òun ló ń ya wèrè. Ọpẹ́lọpẹ́ pé iná lọ kí n tó ṣe é.

Nítorí náà, ìgbésẹ̀ kejì, ẹ kọ ka_sid báyìí. Ka ipò 6, báìtì ńlá ṣáájú. Tí nọ́ńbà yẹn bá ju gígùn fáìlì lọ, dúró kí o sì sọ̀rọ̀. Má dá òfo padà. Gé orin jáde. Ka ipò 8. Tó bá jẹ́ òdo, ka báìtì méjì àkọ́kọ́ orin, kékeré ṣáájú, kí o sì gé wọn kúrò. Tí ipò 10 bá jẹ́ òdo, àdírẹ́sì tí orin gúnlẹ̀ sí náà ni ká lò. Lẹ́yìn náà, dá nǹkan mẹ́ta yẹn padà bíi ti ka_prg. Ìlà mẹ́tàlá ni tèmi.

Tí ẹ bá rí RSID dípò PSID, ẹ kọ̀ ọ́. Irú àwọn yẹn fẹ́ fúnra wọn ṣètò àkókò wọn, wọn kì í fún wa ní àdírẹ́sì tá a máa pè léraléra. Ọ̀rọ̀ wọn yàtọ̀.

Báwo ni aránpọ̀ á ṣe mọ̀ pé SID ni wọ́n fún òun? Ẹ má wo ìparí orúkọ fáìlì, ẹ wo lẹ́tà mẹ́rin yẹn. Alátakò kan á ní PRG náà lè fi báìtì yẹn bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni, PRG tó bá gúnlẹ̀ sí $5350, tí àṣẹ àkọ́kọ́ rẹ̀ sì jẹ́ EOR #$44. Èmi ò tíì pàdé rẹ̀ rí. Ọjọ́ tí mo bá pàdé rẹ̀, màá ra súyà fún ẹni tó kọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta, ohun tó máa pe orin. Orin tó bá kàn jókòó sí mẹ́mórì kò ní dún fúnra rẹ̀. Mo kọ ègé kékeré kan, báìtì 31 péré, ní $0801. Méjìlá àkọ́kọ́ ni ìlà BASIC tó ní SYS 2061, ìyẹn ni pé kí kọ̀ǹpútà lọ ṣe àṣẹ tó wà ní àdírẹ́sì 2061. Mọ́kàndínlógún tó kù, SEI (àṣẹ tó ní kí nǹkan mìíràn má já lu iṣẹ́ wa), lẹ́yìn náà ó fi nọ́ńbà orin sínú A, àpò kékeré inú ẹ̀rọ tó ń ṣe ìṣirò, ó pe àdírẹ́sì ìbẹ̀rẹ̀, ó wá ń ṣọ́ $D012, níbi tá a ti ń mọ ìlà tí wọ́n ń yà lọ́wọ́ lójú tẹlifíṣọ̀n, títí yóò fi di $80, ó pe àdírẹ́sì kejì, ó padà lọ ṣọ́ ọ. Lórí ẹ̀rọ PAL, irú ètò tẹlifíṣọ̀n kan, bí ìgbà àádọ́ta nìyẹn nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ rántí pé nọ́ńbà orin nínú orí fáìlì ń bẹ̀rẹ̀ láti 1, àmọ́ èyí tí A ń fẹ́ ń bẹ̀rẹ̀ láti 0. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò.

Ègé yìí náà, àdírẹ́sì, báìtì àti orúkọ ló jẹ́. Ẹ jù ú sínú ran pẹ̀lú ìyókù. Ṣé ẹ rí i pé mi ò tíì fọwọ́ kan ran?

Ó ku ká dán an wò. Mo pe aránpọ̀, mo fún un ní SID nìkan. Orin wà láti $1000 dé $18FF, báìtì 2,304. Ègé tó ń pè é bẹ̀rẹ̀ ní $0801. Ohun tó yẹ kó jáde ni 4,351, pẹ̀lú méjì ti àdírẹ́sì, 4,353. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà: 4,353. Ó pé. Mo ṣí i nínú VICE, ètò tó ń ṣe bíi Commodore 64 lórí kọ̀ǹpútà òde òní, mo tẹ RUN… ẹ gbọ́ ọ? Ẹ jẹ́ kí n gbé ohùn rẹ̀ sókè díẹ̀.

Tí tiyín bá dákẹ́, ẹ wo àdírẹ́sì orin kẹ́ ẹ tó wo nǹkan mìíràn. Tó bá wà láàárín $A000 àti $BFFF, BASIC ló bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ fi $36 sí àdírẹ́sì $01 kẹ́ ẹ tó pè é, kí BASIC lè kúrò lọ́nà. Báìtì mẹ́rin ni ìyẹn máa fi kún ègé yín, nítorí náà àdírẹ́sì tí JMP, àṣẹ tó ń fò padà lọ ṣọ́ $D012, ń padà sí náà máa sún síwájú ní mẹ́rin. Èmi gbàgbé ìyẹn náà nígbà kan, ẹ…

Ẹ gbọ́ jẹnẹrétọ̀ yẹn? Wọ́n ti mú un lọ. Bátìrì mi ku ìdá mọ́kànlá. Ó dàárọ̀ o.