Kí Ló Ń Mú Nǹkan Gbiná Láìsí Ẹni Tó Ṣáná Sí I?

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a ṣe ní Àkúrẹ́ fún àwọn onísọ́míìlì, káfíńtà àti awakọ̀ agbépo)

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Bí a bá ń mú bẹntiróò àti dísù gbóná láìfi iná kàn wọ́n, èwo ló máa kọ́kọ́ gbiná? Mo gbọ́ yín, bẹntiróò. Irọ́ ni! Dísù ń gbiná fúnra rẹ̀ ní nǹkan bí 210°C. Bẹntiróò á dúró dé nǹkan bí 280°C. Ohun tó sọ bẹntiróò di eléwu ni pé afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń fò jáde kódà nínú òtútù, ó ń wá iná kiri. Ti dísù kì í tó gbaná àfikàn títí yóò fi gbóná kọjá 52°C. Iná tí wọ́n gbé wá bá epo yàtọ̀ sí iná tí epo dá fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ń da méjèèjì pọ̀, ẹ má fún un ní kọ́kọ́rọ́ dépò.

Báwo ni wọ́n ṣe rí ìwọ̀n yẹn? Wọ́n á gbé ìgò roboto tó gba ìdajì lítà sínú ààrò, wọ́n á sọ yàrá di òkùnkùn, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ fín epo díẹ̀ sí i, wọ́n á máa wò ó fún ìṣẹ́jú 10. Tí kò bá tàn, wọ́n á fi ooru kún un, wọ́n á tún un ṣe. Ẹ wá lo ìgò tó tóbi ju ìyẹn lọ, ìwọ̀n náà á wálẹ̀. Ẹ fún ọ́síjìn sí i, á tún wálẹ̀. Ìjà èmi àti àwọn tó ń há àtẹ ìwọ̀n inú ìwé sórí nìyẹn: 280 kì í ṣe ti bẹntiróò nìkan, ti bẹntiróò àti ìgò ni.

Semenov, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Rọ́ṣíà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1956, ló là á yé wa bí nǹkan ṣe ń gbiná fúnra rẹ̀. Ẹ fi wé owó ọjà: ooru ń wọlé, ooru ń jáde. Èyí tó ń jáde ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀, àmọ́ èyí tó ń wọlé ń sáré ní ìlọ́po-ìlọ́po bí nǹkan ṣe ń gbóná. Ibi tí wíwọlé bá ti borí jíjáde, iná dé.

Bí káábọ̀n inú epo ṣe tò náà wà níbẹ̀. Ọ́kítéènì, ọ̀kan lára èròjà bẹntiróò, tó bá tò gbọọrọ ń gbiná ní nǹkan bí 210°C; èyí tó pẹ̀ka á kọjá 400°C, bẹ́ẹ̀ káábọ̀n 8 àti háídírójìn 18 ló wà nínú àwọn méjèèjì. Mo fẹ́ ṣàlàyé...

*(Onísọ́míìlì kan láti ẹ̀yìn: "Ọ̀gá, òkìtì ìyẹ̀fun pákó wa ń rú èéfín lẹ́yìn òjò, ẹnikẹ́ni ò ṣáná sí i. Ṣé kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀tá?")*

Bàbá, ẹ ṣeun, ẹ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Òkìtì yín lọ̀tá! Òjò rin ín, àwọn kòkòrò àìfojúrí ń jẹ ẹ́, wọ́n mú un gbóná dé nǹkan bí 70°C. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kú sí, ọ́síjìn á sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ sọ gígùn, ìbú àti gíga òkìtì di ìlọ́po méjì: ohun tó ń pèsè ooru di ìlọ́po mẹ́jọ, ojú ara tí ooru fi ń jáde di mẹ́rin péré. Pákó kan náà tó ń fẹ́ ju 200°C nínú ìgò kékeré á gbiná ní ìwọ̀n tó kéré gan-an nínú òkìtì gíga.

Ẹ ti ọ̀pá irin bọ àárín rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ fà á yọ. Tí ọwọ́ ò bá lè gbá a mú, ewu ti ń bọ̀. Ẹ má kàn fi ṣọ́bìrì tú u o: afẹ́fẹ́ ni ẹ ń fẹ́ sí i yẹn. Ẹ gbé omi dání, kí ẹ máa bù ú láti etí, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa rin ín bí ẹ ṣe ń bù ú. Lẹ́yìn náà, òkìtì kéékèèké, pẹlẹbẹ, ni kí ẹ máa ṣe.

Wọ́n ti ń nawọ́ aago sí mi. Káfíńtà, àkísà tí ẹ fi pa epo linseed, epo tí a fi ń kun pákó, kò gbọdọ̀ wà ní rírún-jọ: epo yẹn ń fa ọ́síjìn mọ́ra bó ṣe ń gbẹ, ìyẹn sì ń mú un gbóná. Àdín kì í gbẹ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni wọn kì í fi fòyà rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ na àkísà náà sórí okùn níta, tàbí kí ẹ rì í sínú omi nínú agolo onídèérí.

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ́ńjìnnì dísù ò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná torí pé ó ń fún afẹ́fẹ́ títí tí yóò fi gbóná kọjá 500°C kí dísù tó wọlé.